Ohùn Keje Lórí Òṣùwọ̀n

Àtùpà mẹ́fà ti tàn. Ìkeje kọ̀, kò tàn.

Ìbíyẹmí dúró níwájú Òṣùwọ̀n, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ àtùpà tó ṣókùnkùn náà. Irin dúdú ni Òṣùwọ̀n. Ó ga dé àyà ènìyàn, àwo pẹrẹsẹ kan wà lórí rẹ̀, àtùpà wẹ́wẹ́ méje sì tò sí iwájú rẹ̀. Orí àwo yẹn ni Ìbíyẹmí to gbogbo ìwé tó fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ Ìtàn Omi lọ́dún yìí sí. Ohùn àwọn obìnrin ti tàn. Ohùn àwọn aláàbọ̀ ara ti tàn. Ohùn àwọn àgbẹ̀ òkè, ti àwọn ará ẹ̀yìn odi, ti àwọn àlejò láti ilẹ̀ aṣálẹ̀, ti àwọn àgbà tí kò mọ̀wé tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tàn. Ohùn àwọn ará Orí-Omi, àwọn tí ilé wọn ń léfòó lójú òkun, ló kù.

“Mo ti sọ fún yín, Dókítà,” ni Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé wí. “Irin yìí ò mọ ẹ̀bẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé ni Olùwọ̀n tí ìjọba rán sí Yunifásítì Òkè-Ìgbàlà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń ju èèpo rẹ̀ sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí. Ìwà yẹn nìkan ni Ìbíyẹmí fẹ́ràn lára rẹ̀.

“N kò bẹ̀ ẹ́,” ni ó fèsì. “Mò ń wò ó ni.”

Lóde yàrá náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó sílẹ̀ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn kọjú sí wọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì pa. Òṣùwọ̀n nìkan ni ilẹ̀kùn yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí agogo ọ̀sán bá lù tí àtùpà kan ṣì ṣókùnkùn, kò ní ṣí mọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Olùkọ́ kan gbìyànjú láti kọ́ni láìsí i lọ́dún tó kọjá. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì kọ́ wọn níbẹ̀. Kí ó tó padà sílé, wọ́n ti pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀kùn fi ń dá a mọ̀, rẹ́. Ilé ìkàwé kò mọ̀ ọ́n mọ́, ilé oúnjẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ilẹ̀kùn náà ní òun kò rí ẹnì kankan níta.

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé nu ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, ìwé tuntun tí wọ́n lu òǹtẹ̀ búlúù sí lẹ́yìn. “Ẹ ti ka ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ sí yín lánàá?”

“Mo kà á tán.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó gbé e lé orí àwo.

Kí ìwé náà tó fara balẹ̀ dáadáa ni àtùpà keje tàn.

Ó yá jù. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn Ìbíyẹmí nìyẹn. Àwọn ìwé yòókù, Òṣùwọ̀n máa ń kùn lórí wọn bí ẹni tí inú ń run. Eléyìí, ó gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó wo àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: *Ìyàwó Ilé Lórí Omi*, láti ọwọ́ Arínọlá Akínrìnlọ́lá. Ẹ̀ka mọ́kànlá ló ti ń lo ìwé yìí láàárín oṣù kan. Wọ́n ń lò ó níbi ẹ̀kọ́ ìṣègùn, níbi ẹ̀kọ́ òfin, àti níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa kòkòrò pàápàá. Ibi gbogbo tí àtùpà keje bá ti kọ̀, ìwé yìí ni wọ́n ń gbé wá.

“Ó kù kí ẹ fọwọ́ lé e,” ni Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé wí, ó tọ́ka sí dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. “Ẹ ní, mo kà á, mo gbà á, ojúlówó ni. Ó tán.”

Ìbíyẹmí kò sún mọ́ dígí náà. Ó gbé ìwé náà, ó ṣí i sí ibi tó ti ká létí lánàá. “Ẹ gbọ́ eléyìí. ‘Akínṣìkù, àbúrò ọkọ mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lẹ abẹ́ ilé tó bá jò. Mo ní, Akínṣìkù, na gọ́ọ̀mù yẹn sí mi.’”

“Ó dùn ún gbọ́. Kí ló burú níbẹ̀?”

“Ìyàwó wo ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ?”

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé rẹ́rìn-ín. “Tèmi ń pe àbúrò mi lórúkọ. Bí inú bá ń bí i, a tún máa pè é ní ọ̀lẹ.”

“Ìyàwó yín ń gbé orí òkè níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bìkítà mọ́. Lórí omi, ọkọ ni gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ìyá mi pàápàá, tó jẹ́ ará òkè, kò pe àbúrò bàbá mi lórúkọ títí ó fi kú. Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò ga ju tábìlì yìí lọ.”

“Ẹ ń rò pé…?”

“N kò rò. Mo mọ̀. Kò sí ìyàwó ilé kankan tó kọ ìwé yìí. Bóyá ọmọkùnrin ilé náà ló kọ ọ́. Bóyá ẹ̀rọ ni. Bóyá ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín ni.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé. “Dókítà, ẹ rọra. Òǹtẹ̀ ìjọba wà lẹ́yìn ìwé yẹn.”

“Mo rí i. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn.”

Kì í ṣe pé Ìbíyẹmí kórìíra òfin tó gbé Òṣùwọ̀n wá. Nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ó wà lára àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì lábẹ́ òjò, tí wọ́n ní àwọn kò ní dìde àyàfi tí wọ́n bá gba òfin yẹn wọlé. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo ìwé nípa ìgbà tí òkun gba ilẹ̀ ló jẹ́ pé àwọn ọkùnrin orí òkè, tí omi kò kan kókósẹ̀ wọn rí, ni wọ́n kọ ọ́. Nínú àwọn ìwé yẹn, ìṣòro ni wọ́n ń pe àwọn ará Orí-Omi. Wọn kì í dárúkọ wọn, wọn kì í bi wọ́n léèrè, iye wọn nìkan ni wọ́n ń kọ. Òfin Ìpín Ohùn, tó ní ohùn méje gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́, ló fòpin sí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè fọwọ́ lé irọ́ kan kí ó sì ní ohùn ni.

“Òfin ní kí ẹlẹ́rìí rí òǹkọ̀wé, bó bá bèèrè,” ni ó wí. “Mo bèèrè.”

“Òfin ní, bó bá ṣeé ṣe. Orí-Omi jìnnà. Agogo ọ̀sán sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.”

Ìgbà yẹn ni ògiri sọ̀rọ̀. Ohùn ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni, ohùn tútù tí kì í ga, tí kì í sì í rẹlẹ̀. “Àlejò kan wà níbí. Kò ní àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ́ rí Olùwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá rèé.”

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé yíjú sí fèrèsé. “Dá a padà,” ni ó wí, láìwo Ìbíyẹmí.

“Ta ni?” ni Ìbíyẹmí bi ògiri.

“Ó ní Ìyá Ayọ̀mípọ̀ ni òun ń jẹ́. Ó ní ìwé òun wà lókè.”

Ìbíyẹmí wo Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé. Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé ń wo ìta fèrèsé bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

“Ọ̀nà mà jìn o,” ni Ìbíyẹmí wí, ó sì jáde.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde nígbà tí wọ́n rí i. Tẹjúmádé, ọmọbìnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sáré bá a. “Mà, ṣé ó ti tàn?”

“Ó tàn.”

“Kí ló wá dé tí ojú yín rí báyìí?”

“Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má wọlé, ẹ má lọ.”

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń rò ó. Ó jọ ọ̀ràn tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ó bèèrè òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé sì dé lójú ẹsẹ̀. Ṣé Òjéwálé kò ti háyà obìnrin kan sílẹ̀ de irú ọjọ́ báyìí? Ṣé dídákẹ́ rẹ̀ yẹn kì í ṣe eré? Ó pinnu pé òun kò ní gba ohunkóhun gbọ́ títí òun yóò fi dán an wò.

Ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn irin, ilẹ̀kùn náà ṣí. Obìnrin kan dúró nínú oòrùn, ó ti lé ní ogójì ọdún. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ló wọ̀, ó so àpò aláìgbomi mọ́ ìbàdí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú, ó sì ń dán. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ abẹ́ ilé ti jẹ ìlà ibẹ̀ tán. Kò sí dígí tó lè kà á.

“Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ayọ̀mípọ̀?”

“Èmi ni, Arínọlá Akínrìnlọ́lá. Ẹ̀yin kọ́ ni Olùwọ̀n. Ọkùnrin ni wọ́n ní ó jẹ́.”

“Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan kí a tó gòkè.” Ìbíyẹmí wò ó lójú kòrókòró. “Ta ni Akínṣìkù?”

Obìnrin náà fi ọwọ́ dúdú náà bo etí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, bí ẹni pé ẹnì kan lè wà nítòsí tó gbọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ẹ má pe orúkọ yẹn sí mi létí. Ṣé ẹ̀yin náà ti kà á ni?”

“Mo kà á. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Èmi?” Ó yọ ọwọ́ kúrò létí. Ìbínú gba ojú rẹ̀. “Èmi kọ orúkọ ọkọ mi kékeré síbẹ̀? Kí n wá jẹ́ wèrè? Adúmáradán ni mo pè é. Láti ojú ewé kìn-ín-ní dé òpin, Adúmáradán. Àǹtí rẹ̀, Eyínfúnjowó. Bàbá wọn àgbà, Baba Olówó-Ẹja. Gbogbo wọn pátá, kò sí ẹni tí mo pè lórúkọ nínú ilé yẹn àyàfi ológbò, nítorí èmi ni mo mú un dé.”

Kò sí eléré tó lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ìbíyẹmí mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ojú sì tì í díẹ̀. Ó ti sọ fún Òjéwálé pé obìnrin yìí kò sí.

“Ẹ jẹ́ ká gòkè,” ni ó wí.

“N kò ní àtẹ́lẹwọ́.”

“Tèmi yóò gbé ẹni méjì.”

Obìnrin náà kò tètè kọjá ilẹ̀kùn. “Kí lẹ̀yin fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Gbogbo ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún mi lórí òkè yìí ló ń gba nǹkan.”

“Mo fẹ́ mọ ẹni tó yí ọ̀rọ̀ yín padà.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Okùn mi ni mo wá gbà.”

Wọ́n kọjá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tẹjúmádé wo bàtà rọ́bà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ dúdú, ó sì kúnlẹ̀ kí i láìmọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé dìde. Kò bèèrè ẹni tí àlejò jẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni ó wí.

“Ẹ káàbọ̀ ti ẹ̀ẹ̀kan, àbí ti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?” ni Arínọlá fèsì. “Mo ṣáà ń wá, ògiri yín ń lé mi. Mo ránṣẹ́, ẹ kò dáhùn. Ta ló ní kí ẹ pe àwọn ọkọ mi lórúkọ nínú ìwé mi?”

“Ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Ẹ fún wa ní rédíò ní Orí-Omi, ẹ ṣeun. Ẹ ka ìwé mi lórí rédíò náà, ẹ ṣeun. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé jókòó tí wọ́n ń gbọ́, tí inú wọn ń dùn pé ìyàwó àwọn ti di òǹkọ̀wé. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ àbísọ, orúkọ tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n. Wọ́n ní èmi ni mo pè wọ́n. Ó dàbí ìgbà tí mo bọ́ra sílẹ̀ láàárín àwùjọ.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ mọ̀ bí ilé wa ṣe rí? A so gbogbo ilé ìdílé kan pọ̀ mọ́ra wọn, kí ìgbì má baà gbé ọ̀kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti tú okùn ilé mi. Ilé tèmi nìkan ló ń léfòó kiri báyìí. Ọkọ mi wà nínú ti bàbá rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ń fi ọkọ̀ wá mi kiri, bóyá ẹja ti gbé mi lọ.”

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Èmi ni mo yí i. Ọwọ́ mi ni mo fi yí i.”

“Kí ló dé?” ni Ìbíyẹmí bi í.

“Nígbà tí ìwé yẹn kọ́kọ́ dé, mo gbé e lé àwo. Àtùpà kò tàn rárá. Mo wádìí. Adúmáradán kò sí nínú ìwé orúkọ ìlú. Eyínfúnjowó kò sí. Òṣùwọ̀n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀ka mọ́kànlá ń dúró de ohùn keje, mo ní ìwé tó dára jù lọ tí mo kà láti ọdún pípẹ́ lọ́wọ́, irin yìí sì ní afẹ́fẹ́ ni. Mo wá orúkọ àbísọ àwọn ará ilé rẹ̀ nínú ìwé ìlú, mo fi rọ́pò. Mo rò pé mo ń ran ìyá yìí lọ́wọ́ ni.”

“Ẹ ò bi í.”

“Ẹni tó bá ní kí òun bi gbogbo òǹkọ̀wé, ọdún á parí láìsí àtùpà.”

“Ìdí tí a fi ṣe òfin náà ni pé kí ẹ máa bi wọ́n.”

Arínọlá ti tú àpò ìbàdí rẹ̀. Ó mú ìdì ìwé kan jáde, ojú ewé tó ti gbó létí, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ. “Tèmi rèé. Ẹ gbé e lé irin yín kí n rí i.”

Ìbíyẹmí yọ ìwé olóǹtẹ̀ kúrò lórí àwo, ó gbé ìdì náà lé e. Gbogbo wọn wo àtùpà keje. Ó kú. Òṣùwọ̀n kùn fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

“Ẹ rí i?” ni Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé wí.

“Mo rí i,” ni Arínọlá wí. “Irin yín ya dìndìnrìn. Mo wà níwájú rẹ̀, ó ní òun ò rí mi.”

Ìlẹ̀kẹ̀ ìpè tó wà létí Ìbíyẹmí gbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínúbi ni, ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń yára. “Ìbíyẹmí, mo gbọ́ pé àtùpà ti tàn, kí lo tún ń ṣe? Fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ yẹn kò lè sọ ọdún kan nù nítorí àbúrò ọkọ ẹnì kan.”

“Ta ló sọ fún yín nípa àbúrò ọkọ, sà?”

“Òjéwálé pè mí nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀. Ṣe ohun tó yẹ.” Ọ̀jọ̀gbọ́n gé ìpè náà.

Gbogbo wọn ló mọ̀, nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀, bóyá àwọn olùkọ́ ẹ̀ka mọ́kànlá náà mọ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ lé dígí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn kà á, àwọn gbà á. Ìbíyẹmí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkankan nínú wọn kò gba owó. Kí ilẹ̀kùn ṣáà ṣí ni wọ́n fẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé tún ìwé olóǹtẹ̀ gbé lé àwo. Àtùpà tàn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Dókítà, ẹ fetí sí mi. Bí ẹ bá ní rárá, ìwé yìí yóò kúrò ní gbogbo ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn mọ́kànlá yóò tì, pẹ̀lú tiyín. Wọn yóò gba àtẹ́lẹwọ́ yín títí ìwádìí yóò fi parí, ẹ sì mọ bí ìwádìí ṣe máa ń pẹ́. Lọ́la, àwọn tó kórìíra òfin yìí yóò ní, ẹ ò rí i, irọ́ làwọn ará Orí-Omi ń pa. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ tó wà níta yóò ka ìtàn ìyá yìí lónìí. Ó lábùkù, lóòótọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tún un ṣe. Èwo ló sàn, ohùn tí a tún ṣe, àbí àìsí ohùn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbíyẹmí lára. Bó bá jẹ́ pé òǹrorò ni ọkùnrin yìí, ìbá rọrùn. Ó yíjú sí Arínọlá. “Kí lẹ wí, mà?”

“Ẹ tiẹ̀ bi mí.” Arínọlá fi ìdì rẹ̀ padà sínú àpò, ó so ó. “Tíṣà, ìwé yẹn, mo fẹ́ kí wọ́n kà á. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, lójú ìgbì. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí irin yẹn, obìnrin mìíràn ló kọ ọ́, obìnrin tí kò nílé ọkọ, tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wá fún un lórúkọ mi. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, òun ni àwọn ọmọ yín yóò mọ̀. Èmi yóò sì wà lójú omi. Ẹ ṣe èyí tó bá wù yín. Mi ò ní bẹ̀ yín.”

Ìbíyẹmí rìn dé ibi dígí. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé e. Dígí náà móoru.

“Ṣé ojúlówó ni?” ni Òṣùwọ̀n bèèrè.

“Mo jẹ́rìí pé obìnrin yìí wà, pé ó kọ ìwé kan, àti pé ohun tó wà lórí àwo kì í ṣe—”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.”

“Ẹ̀rọ yìí, gbọ́. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n—”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.”

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Tẹjúmádé tó ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́, àti ẹ̀rín àwọn yòókù. Wọ́n ti gbàgbọ́ pé yàrá yóò ṣí.

“Rárá,” ni Ìbíyẹmí wí.

Àtùpà keje kú. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, láti òdìkejì àgbàlá, wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀kùn irin tó ń tì, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Dígí náà tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, kò rí ohun tó yàtọ̀ lára ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwálé jókòó padà. Kò bínú. Ó dàbí ẹni tó rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún wọn,” ni ó wí. “Mi ò lè dojú kọ àwọn ọmọ yẹn.”

Ìbíyẹmí jáde, ó sì sọ fún wọn. Kò fi oyin sí i. Ó ní ẹ̀kọ́ Ìtàn Omi ti kú fún ọdún yìí, pé òun ni òun pa á, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan bú sẹ́kún. Òmíràn ní òun ti mọ̀, pé Dókítà máa ń ṣe àṣejù. Tẹjúmádé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣáà ń wo Arínọlá.

“Ṣé ìyẹn ni obìnrin tó kọ ọ́?” ni ó bèèrè níkẹyìn.

“Òun ni.”

“Ohun tó wà nínú ti gidi ńkọ́?”

“Kì í ṣe èmi ni kí o bi.”

Arínọlá ti ń lọ. Ìbíyẹmí sáré bá a lórí àtẹ̀gùn, nítorí láìsí ẹni tó ní àtẹ́lẹwọ́, ẹnu ọ̀nà kò ní jẹ́ kí obìnrin náà jáde. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ni ó rántí pé òun náà kò ní mọ́. Àwọn méjèèjì dúró níwájú ilẹ̀kùn irin bí aláìnílé.

“Kò sí ẹnì kankan níbí,” ni ògiri wí.

Arínọlá wo Ìbíyẹmí, ó sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹ káàbọ̀, Tíṣà.”

Tẹjúmádé ló wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na ọwọ́ sí dígí, ó sì padà sókè.

Èbúté wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí òkun dé tí ó dúró. Ọkọ̀ Arínọlá kéré, ó sì kún fún agolo. Ìbíyẹmí dúró létí omi. Ó ti ń kọ́ Ìtàn Omi láti ìgbà pípẹ́, kò tíì wọ inú ọkọ̀ ojú omi rí.

“Mo lè wá bá wọn sọ̀rọ̀,” ni ó wí. “Àwọn ọkọ yín. Mo lè sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè wọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí Olùwọ̀n jẹ́wọ́.”

Arínọlá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí ń yẹ ẹja wò bóyá ó ti bàjẹ́. “Wọn yóò bú yín.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ máa kúnlẹ̀ lórí igi tútù. Adúmáradán máa ń pẹ́ kó tó ní kí ènìyàn dìde. Ó sì lè má tilẹ̀ gbà yín gbọ́. Èmi gan-an kò tíì gbà yín gbọ́ tán.”

“N óò kúnlẹ̀.”

“Ó dáa.” Arínọlá wọ inú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀. “Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ jókòó sáàárín gan-gan. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí a ó fi dé.”

Ìbíyẹmí bọ́ bàtà, ó jókòó sáàárín àwọn agolo, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.